Ṣé lóòótọ́ ni pé òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran?

Ọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń somọ́ ìyá ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bóyá bó ṣe rí fún ìyá ní kékeré náà ló máa ń rí fún ọmọ. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látẹnu géètì. Ní jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lápá Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ làwọn ìyá máa ń já ọmọ sílẹ̀, ẹni tó ń lọ ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jà Ọba ń sáré, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ń wo aago, ọlọ́kadà ń fọn fèrè níta pé òun ò ní gbogbo ọjọ́ láti dúró. Ọmọ mẹ́ta ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò. Àkọ́kọ́, tí ìyá ẹ̀ bá ti fẹ́ yíjú padà báyìí, igbe! Á di aṣọ ìyá mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ tà. Tí ìyá bá lọ tán á ké fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, màá gbé e, á dákẹ́, á lọ jókòó ti àwọn ife oníke tó fi ń ṣeré. Tó bá dọ̀sán tí ìyá yọjú, á sáré bá a, á gbórí lé e léjìká díẹ̀, ó tán, á sọ̀ kalẹ̀ lọ máa fi ife ẹ̀ hàn án. Ìkejì kì í sunkún rárá. Ìyá lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá dé, kò gbójú sókè, àfi bíi pé ẹni tó wá ka mítà iná ló wọlé. Ìkẹta ló máa ń tán mi ní sùúrù: á ké láàárọ̀, á ké lọ́sàn-án, ìyá á dé, á nawọ́ pé kí wọ́n gbé òun, wọ́n á gbé e, á máa fẹsẹ̀ ta ìyá ẹ̀ níkùn pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, igbe á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, ìkejì ni wọ́n á ní ó dáa jù. "Ọmọ yìí gbọ́n, kì í yọ èèyàn lẹ́nu." Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Àfi ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ìyá ẹ̀ tètè dé, ó lóṣòó síwájú ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ọmọ ń ti mọ́tò ẹ̀ lọ nílẹ̀ ní tiẹ̀, vuuu, ó wa mọ́tò náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ìyá kọjá. Ọ̀rọ̀ tó ju ẹkún lọ ni, ẹ̀rín lobìnrin náà fi rín. Ó ní, "Àǹtí, báyìí ni màmá mi máa ń sọ pé èmi náà ṣe rí ní kékeré, wọ́n ní mi ò kì í ké. Àbí ọmọ yìí jogún mi ni?" Mo ní, "Rárá o, Mọ́mì, ọmọdé ni, ó ń ṣeré ni." Mo kàn fi ọkàn wọn balẹ̀ ni o, mi ò mọ nǹkan tí mò ń sọ.

Ohun tó jẹ́ kí n lọ máa kàwé nípa ẹ̀ nìyẹn, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, pàápàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí gbogbo wa ti di dókítà ọpọlọ, ẹni tí ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ ò pè é fún ọjọ́ méjì á ní attachment ló ń dà á láàmú, ìyá ẹ̀ ló fà á. Ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní attachment yẹn, ìsomọ́ ni màá máa pè é níbí. Kì í ṣe ìfẹ́ o. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn. Ìyá ọmọ kejì yẹn fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ dé góńgó, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìsomọ́ jẹ mọ́ ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, tó rẹ̀ ẹ́, tára ẹ̀ ò yá: ta ló ń sá lọ bá, kí ló sì ti mọ̀ látẹ̀yìnwá pé onítọ̀hún máa ṣe. John Bowlby, dókítà ọpọlọ ará Ìlú Ọba, ló kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ yìí jọ. Ọmọ olówó ni òun fúnra ẹ̀, obìnrin tí wọ́n gbà sílé pé kó máa tọ́jú ọmọ ló tọ́ ọ dàgbà, bíi wákàtí kan péré ló ń rí ìyá ẹ̀ lóòjọ́, nígbà tó sì tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin tí obìnrin yẹn fi ilé wọn sílẹ̀, ó dùn ún bí ẹni tí ìyá ẹ̀ kú. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ ò ní bi mí mọ́ pé kí ló gbé e dé ìdí iṣẹ́ náà.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rí ni pé ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ lọ fi ojú rí i nínú ilé àwọn èèyàn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ainsworth tẹ̀lé ọkọ ẹ̀ lọ sí Kampala ní Uganda ní 1954, kò jókòó ti ọkọ, ó ń lọ sáwọn abúlé tó wà nítòsí lọ máa wo àwọn ìyá ẹ̀yà Ganda, ìyá 26, ọmọ 28, á jókòó tì wọ́n fún bíi wákàtí méjì, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì á tún padà lọ. Ó rí i pé ọmọ tó bá ti ń rá máa ń fi ìyá ẹ̀ ṣe bùdó: á rá lọ wo nǹkan, á bojú wẹ̀yìn, á rá padà wá fọwọ́ kan ìyá, á tún lọ. Tí ìyá bá ti òde dé, àwọn ọmọ náà á máa pàtẹ́wọ́. Ọmọ òyìnbó á fẹ́ dì mọ́ ìyá, á fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu, tiwọn ni kí wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀kan náà ni. Ó sì tún ṣàkíyèsí nǹkan kan tí mo fẹ́ràn gan: ìyá tó lè jókòó kó máa ròyìn ọmọ ẹ̀ láì sẹ́ni tó ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, pé igbe ebi ẹ̀ yàtọ̀ sí igbe oorun, pé adìyẹ ò bà á lẹ́rù ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ń bà á lẹ́rù, irú ìyá bẹ́ẹ̀ yẹn lọkàn ọmọ ẹ̀ máa ń balẹ̀ jù.

Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, ní Baltimore, ó tún mú ìdílé 26. Wàhálà ibẹ̀ wá ni pé nínú ilé, ó ti mọ́ àwọn ọmọ náà lára kí ìyá máa jáde kó máa wọlé, kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ wọ́n lójú. Ó wá kó wọn lọ sí yàrá tí wọn ò dé rí, ohun ìṣeré wà níbẹ̀, àlejò kan á wọlé, ìyá á jáde, á padà, á tún jáde, á tún padà, gbogbo ẹ̀ ò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Yàrá yìí ni gbogbo ayé wá fi ń wọn ọmọ títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, torí mo ṣì ń bọ̀ wá bá a níwájú: torí àwọn ọmọ tí ìjáde ìyá kì í ká lára nínú ilé ni.

Kì í ṣe igbe ìgbà tí ìyá ń lọ ni wọ́n ń wò jù o, ìgbà tó bá padà dé ni. Ọmọ tó ké, tí ìyá dé tó sáré bá a, tó rọ̀, tó padà sídìí eré, wọ́n ní ọkàn ọmọ yẹn balẹ̀. Èyí tó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé kò sẹ́ni tó wọlé, wọ́n ní ó ń yẹra. Èyí tó ń ké pé gbé mi tó tún ń ta ẹsẹ̀, ó-ń-fẹ́-ó-ń-kọ̀ ni èmi ń pè é. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni Mary Main àti Judith Solomon wá fi ìkẹrin kún un, ọmọ tó máa ń dúró gbagidi láàárín ilé, tàbí tó ń fẹ̀yìn rìn lọ bá ìyá, torí ẹni tó yẹ kó sá lọ bá náà ni ẹ̀rù ẹ̀ ń bà á. Ìyẹn ló le jù nínú gbogbo ẹ̀. Èmi ò sì lè dúró lẹ́nu géètì kí n ní ọmọ báyìí irú báyìí ni o, iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni, ìgbà míì oorun ló kàn ń kun ọmọ.

Ọmọ kejì tá a ní kò yọ èèyàn lẹ́nu ńkọ́? Wọ́n wọn bí ọkàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lù nígbà tí ìyá ń jáde tó ń wọlé, ọkàn ń lù kìkì bíi ti ẹni tó ń ké. Ojú ló dákẹ́. Nígbà tí mo ka ìyẹn mo gbé fóònù sílẹ̀ ná.

Ó dáa, báwo ló ṣe ń ti ara ìyá dé ara ọmọ? Kókó ibẹ̀ rèé. Main àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní California, láàárín ọdún 1980 sí 1985, fi ọmọ sílẹ̀ ná, wọ́n dojú kọ àwọn ìyá àti bàbá. Wọ́n ṣe ìbéèrè bíi 20. Wọ́n á ní kó o mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tó sọ bí ìwọ àti ìyá ẹ ṣe rí nígbà tó o wà ní kékeré. O mú un, kò le. Wọ́n á wá ní, o ní ìyá ẹ "ní sùúrù", jọ̀ọ́ sọ ọjọ́ kan pàtó tó ní sùúrù fún ẹ. Ibẹ̀ ni gọngọ ti ń sọ. Ẹnì kan á ní ìyá òun ò láfiwé, ìyá tó dáa jù láyé, ṣùgbọ́n kò rí ọjọ́ kan mú jáde, tàbí kó jẹ́ pé ọjọ́ tó rí mú jáde ni ọjọ́ tí ìgò gé e lẹ́sẹ̀, tó lọ já ewé dí i fúnra ẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí ìyá má bàa gbọ́. Ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀, kò ní parí, ó ti pé ogójì ọdún ṣùgbọ́n ńṣe ló ń jà bíi pé àárọ̀ yìí ni ìyá gbá a létí. Ẹlòmíì sì wà tí ìyà jẹ gan ní kékeré, á ní "màmá mi le, ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, nígbà tí mo dàgbà mo wá rí ohun tó ń bá wọn fínra." Ẹni ìkẹta yìí ni wọ́n kà sí ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀! Kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ ni wọ́n ń wọ̀n, bó o ṣe lè sọ ọ́ láì sá fún un àti láì rì sínú ẹ̀ ni.

Èmi náà dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kan. Aláró ni màmá mi, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo ìlú aró náà ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé "wọ́n kẹ́ mi". Mo wá ọjọ́ kan, n ò rí. Mo kàn ń rí ìkòkò aró, okùn tí wọ́n sá adìrẹ sí, àti ẹ̀yìn wọn. Inú mi ò dùn rárá. Ọjọ́ kẹta, mò ń fọ aṣọ ọmọ, ọwọ́ mi wà nínú omi, ló bá kàn wọlé wẹ́rẹ́: mo ṣubú, orúnkún mi bó, mo ké lọ bá wọn nídìí ìkòkò, ọwọ́ wọn méjèèjì ti dúdú fún aró dé ọrùn ọwọ́, wọ́n nà á sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá na ìbọn sí, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì há mi mọ́ àyà kí aró má bàa ta sí yúnífọ́ọ̀mù mi. Mo gbọ́ òórùn ẹ̀lú. Ó tó, ọjọ́ kan ni wọ́n bi mí.

Ẹ padà sídìí ìwádìí. Ní 1991 ní Lọ́ńdọ̀n, Peter Fonagy àti Miriam Steele àti Howard Steele ṣe nǹkan kan tó pa ẹnu ọ̀pọ̀ mọ́. Obìnrin tó lóyún àkọ́kọ́ ni wọ́n lọ bi ní ìbéèrè yẹn, ọmọ ò tíì dáyé, kò sẹ́ni tó lè ní ọmọ ló ya alágídí tó ń da ìyá láàmú. Nígbà tí àwọn ọmọ pé ọdún kan wọ́n kó wọn wọ yàrá. Nínú bí 100, bíi 75 ló bá ohun tí wọ́n ti rí lẹ́nu ìyá mu, ìyá tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀, ọmọ tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ, pé ẹ̀jẹ̀ ni, ẹyẹ ò lè bí ejò. Ohun tó tú ọ̀rọ̀ yẹn ká rèé. Ní Amẹ́ríkà, Mary Dozier àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo ìyá 50 tó jẹ́ alágbàtọ́, ọmọ tí wọn ò bí, tí ìjọba gbé fún wọn, 2001 ni wọ́n gbé e jáde. Ọmọ ọlọ́mọ wọ̀nyí fi ara jọ alágbàtọ́, 72 nínú 100 ló bára mu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà pẹ̀lú ìyá tó bímọ fúnra ẹ̀. Ní 2003 wọ́n tún fi ìbejì wò ó, ìbejì méjì-méjì tó lé ní 100, àwọn tó jọra bí ìmumu àtàwọn tí ò jọra, tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ó yẹ kí àwọn tó jọra tún jọra níbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀, ipa ẹ̀jẹ̀ kéré débi pé kò tó ohun tí à ń kà. Àwa tá a ní ìbejì jù láyé yìí ló yẹ kó ṣe irú ìwádìí yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Tí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀, kí ni? Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọmọ kejì wa yẹn ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, ìyá ẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ gbójú sókè, ẹnu ẹ̀ ti ń wárìrì. Kíá, ìyá ní, "Dìde! Akin! Kò dùn ẹ́, kò dùn ẹ́ rárá," ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀, ó ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọmọ pa ẹnu dé. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni. Kò sí ìkà níbẹ̀, bóyá ohun tí wọ́n máa ń sọ fún òun náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn bá di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ọmọ á ti mọ̀ pé tí mo bá ké, ìyá mi á sún sẹ́yìn, tí mi ò bá ké, á dúró tì mí. Ọmọ tó gbọ́n á yáa gbé ẹkún mì. Nítorí náà kì í ṣe pé ọmọ yẹn ò somọ́ ìyá ẹ̀ o, bó ṣe máa wà nítòsí ìyá ẹ̀ ló ń ṣe yẹn. Ẹkún ọmọ máa ń tẹ ojú ibi tó ń dun ìyá, ìyá tó bá ti pa ojú ibẹ̀ dé láti kékeré, á pa á dé fún ọmọ náà láì mọ̀.

Bó ṣe dùn ún sọ tó yẹn, àwọn tó ń ṣírò ẹ̀ ní kò tíì pé. Ní 1995, Marinus van IJzendoorn ará Netherlands kó gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, ó ní lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ń sọ bí ọmọ ṣe máa rí, ṣùgbọ́n bí ìyá ṣe ń dáhùn sí igbe ọmọ, apá kan péré ló lè ṣàlàyé níbẹ̀, àlàfo ńlá wà láàárín tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó gba ibẹ̀ kọjá. Ní 2016 wọ́n tún kó o jọ, ìwádìí 95, òbí àti ọmọ 4,819, ó ṣì wà lóòótọ́, àmọ́ kò lágbára tó bí wọ́n ṣe rò tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìyẹn dá ẹni tó bá ní ìyá ẹ ti bà ẹ́ jẹ́ tán lóhùn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìlú àti àṣà. Ọdún 1988 ni van IJzendoorn àti Kroonenberg kó àbájáde yàrá yẹn jọ láti orílẹ̀-èdè 8, ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Ọmọ tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ ló pọ̀ jù níbi tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní Bielefeld ní Jámánì, bí ìdajì ọmọ ló ń yẹra, bẹ́ẹ̀ ní Sapporo ní Japan, kò sí ọ̀kan tó yẹra, àwọn ó-ń-fẹ́-ó-ń-kọ̀ wá pọ̀ níbẹ̀. Ṣé ìyá Jámánì ò mọ ọmọ tọ́ ni? Rárá, lápá ibẹ̀ nígbà yẹn wọ́n fẹ́ kí ọmọ tètè lè dá dúró ni, ìyá á máa kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Japan ìgbà yẹn ní tiẹ̀ kì í sábà fi ọmọ sílẹ̀ dá wà, ẹ wá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ yàrá, ẹ ní kí ìyá jáde, ọ̀run ti ya nìyẹn. Ẹ rántí ìdí tí wọ́n fi dá yàrá yẹn sílẹ̀. Nǹkan míì tí wọ́n rí ni pé ìyàtọ̀ láàárín ìlú kan sí èkejì nínú orílẹ̀-èdè kan náà ju ìyàtọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè lọ, bí ìlọ́po kan ààbọ̀. Torí náà ẹni tó bá ní "àwa Yorùbá báyìí la ṣe ń somọ́", kó rọra.

Ní Mali, lọ́dọ̀ àwọn Dogon, wọ́n wo àwọn ìyá àti ọmọ, kò sí ọmọ kan tó ń yẹra. Ọmọ wà lára ìyá tọ̀sán-tòru, tó bá ti ké, ọmú ti wà lẹ́nu ẹ̀, báwo ló ṣe máa kọ́ ìyẹra? Lókè ọ̀hún ní ilẹ̀ Haúsá wa níbí, ní 1977, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 18. Ẹni bíi mẹ́rin ló ń tọ́jú ọmọ kan, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ rá kiri torí iná àti ọ̀bẹ àti ẹran tó wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ náà somọ́ èèyàn bíi mélòó kan, àmọ́ ẹnì kan ló máa ń wà tí wọ́n ń sá lọ bá jù, kì í sì í ṣe ìyá ní gbogbo ìgbà, ẹni tó ń gbé wọn tó ń bá wọn ṣeré jù ni.

Èyí tó wá kan ìbéèrè wa jù, ní Israel ni. Àwọn abúlé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kibbutz, nígbà kan tó bá dalẹ́ gbogbo ọmọ á lọ sùn pa pọ̀ sí ilé àwọn ọmọ, obìnrin tó wà lójúfò lálẹ́ yẹn á máa gbọ́ igbe wọn, òbí wà nílé tiwọn. Avi Sagi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wá wo ìyá àti ọmọ nínú kibbutz tí wọ́n ń sùn báyẹn àti nínú èyí tí ọmọ ń sùn sílé. Níbi tọ́mọ ń sùn sílé, ìyá àti ọmọ bára mu ní 76 nínú 100. Níbi tí wọ́n ń kó wọn lọ sùn, ó já wá sí 40. Ìyẹn ni pé bí ìyá bá tiẹ̀ gbọ̀n òwú dáadáa, tí kò bá sí lọ́dọ̀ ọmọ lóru, ọmọ ò ráyè ran án. Ẹ wá yí i padà: tí ti ìyá bá wọ́, tí ẹlòmíì wà nínú ilé tó mọ igbe ọmọ náà, ọ̀nà míì wà fún ọmọ.

Ọjọ́ Túsìdeè kan, ìyá ọmọ kejì yẹn ò ráyè wá, ìyá bàbá ọmọ ló wá, Àlàájà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, wọn ò tíì san owó tán. Ọmọ yìí, ọmọ tí kì í wojú ẹnikẹ́ni, ó ju mọ́tò nù, ó sáré, bàtà kan yọ, ó fi orí gbá Àlàájà nínú, ó bú sẹ́kún. Ẹkún kí? Èmi mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti gbá a lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò ké sí mi, ó ti ń gbé e kiri látàárọ̀. Àlàájà ní, "Ta ló nà ọ́, olówó orí mi?" Wọ́n gbé e pọ̀n, ẹkún tán. Àwọn tó ṣèwádìí náà ti sọ ọ́ tipẹ́, pé ọmọ kan lè somọ́ ẹnì kan ní irú kan kó sì somọ́ ẹlòmíì ní irú míì, kì í ṣe ọmọ ni wọ́n ń wọ̀n, òun àti ẹnì kan ni.

Àti pé pípọ̀n yẹn kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ. Ní New York ní 1990, wọ́n fún àwọn ìyá kan tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn ní ohun ìgbọ́mọ tó ń so ọmọ mọ́ ìyá láyà, wọ́n fún àwọn yòókù ní àga ike ọmọdé. Nígbà tó ṣe, 83 nínú 100 lọ́kàn wọn balẹ̀ lára àwọn tí wọ́n so mọ́ra, 38 péré lára àwọn alága. Kò sẹ́ni tó bá ìyá wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn o. Ṣé ẹ wá rí àwọn tó ń sọ fún wa pé ọmọ tá a bá ń pọ̀n jù á bàjẹ́, ẹ bá mi bi wọ́n.

Ọ̀nà kejì tí nǹkan fi lè yí padà ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní 1975 Selma Fraiberg ní Amẹ́ríkà kọ nípa ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, tó ń ké gidi, ìyá jókòó, ó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí kò gbọ́. Wọn ò kọ́ ìyá yẹn bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ. Wọ́n ní kó sọ tiẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, tó rẹ́ni tó gbọ́, tó sunkún ara ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló gbé ọmọ ẹ̀ mọ́ra.

Mo sọ díẹ̀ nínú gbogbo eléyìí fún ìyá ọmọ kejì lọ́sẹ̀ tó lọ. Mi ò sọ ti Àlàájà, mi ò ya ọ̀dàlẹ̀. Mo kàn ní, Mọ́mì, ẹ ti bi mí léèrè nígbà yẹn, mo kàn dá yín lóhùn ṣákálá, ẹ má bínú. Mo ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo ní nígbà tí wọ́n ní ẹ ò kì í ké yẹn, ta lẹ wà lọ́dọ̀ ẹ̀?

Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan, ìgbà èwe òun dùn dáadáa. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Ó wá ní, "Ìwó ni mo wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n mú mi lọ. Wọ́n ní mi ò ké nígbà tí màmá mi ń lọ, gbogbo èèyàn ń yìn mí." Ó dákẹ́. Ọmọ ti ti mọ́tò ẹ̀ dé ìdí bàtà ẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ọlọ́kadà fọn fèrè, ó tún fọn ọ́n, obìnrin náà ò dìde.